Ṣé O Mọ Ẹni Tó Ni "Ẹ Kú Ọdún"?

Ṣé o mọ̀ pé lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey l'Ékòó, ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1894, àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wá bá àwọn Mùsùlùmí yọ̀? James Pinson Labulo Davies wá. John Otunba Payne wá. Richard Beale Blaize náà ò gbẹ́yìn. Kristẹni tó lórúkọ ní Èkó ayé ọjọ́un ni gbogbo wọn. Gómìnà Carter, òyìnbó, ló jókòó ṣe alága. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà, ló darí iṣẹ́ ilé náà, Sanusi Aka sì ràn án lọ́wọ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Súlútánì ilẹ̀ Tọ́kì fi Mohammed Shitta, ẹni tó náwó kọ́ mọ́ṣáláṣí náà, jẹ oyè Bey. Ẹni tó bá ní àná òde yìí ni Kristẹni ń bá Mùsùlùmí ṣọdún, ẹ fi èyí hàn án.

Ṣé o mọ̀ pé kò sí ẹ̀sìn kankan tó lè ní òun ló ni "ẹ kú ọdún"? Bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ń ṣe Iléyá náà ni wọ́n ń kí ẹni tó ń ṣe Kérésì, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń kí ẹni tó ń ti odò Ọ̀ṣun bọ̀ l'Óṣogbo. Èyí tó sì ń tẹ̀ lé e, "ọdún á yabo", "àṣèyí ṣàmọ́dún", "ẹ̀mí wa á ṣe púpọ̀ ẹ̀ láyé", ẹ̀mí àti àlàáfíà ni gbogbo rẹ̀ ń tọrọ. Ìdáhùn ni ẹ̀sìn ti ń yọjú díẹ̀: àwọn kan á ní "àmín", oníṣẹ̀ṣe á ní "àṣẹ". Mi ò tíì rí ẹni tó kíni tó wá yarí pé wọn ò dáhùn bí òun ṣe fẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀pọ̀ adìẹ Kérésì nílẹ̀ wa, ọwọ́ Mùsùlùmí ló kú sí? Wo ẹ̀yìnkùlé ilé ayálégbé kan láàárọ̀ ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá. Ìyá Ṣadé ti so àkùkọ mọ́lẹ̀, omi ń hó lórí iná, àmọ́ kò fọwọ́ kan ọ̀bẹ. Ó rán ọmọ sí Bàbá Ràṣídì tó wà ní yàrá iwájú: "Ẹ káàárọ̀ sà, mọ́mì mi ní kẹ́ ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ wá bá àwọn dúńbú adìẹ." Bàbá jáde, ó kọjú sí gábàsì, ó ní "Bísímílà", ó parí. Kì í ṣe pé ẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ ń ba Ìyá Ṣadé. Abọ́ ìrẹsì márùn-ún ló fẹ́ gbé fún ará ilé, ilé Mùsùlùmí ni mẹ́ta nínú rẹ̀ ń lọ, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fi síbí ti ẹran sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kùráánì fúnra rẹ̀, nínú Súrà 5 ẹsẹ 5, gba Mùsùlùmí láyè láti jẹ oúnjẹ àwọn tí a fún ní Ìwé, àmọ́ ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́dọ̀ wa kì í balẹ̀ àfi tí wọ́n bá mọ ẹni tó dúńbú ẹran. Lójú tèmi, ẹni tó ro èyí sílẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n sọ fún un ti kíni tán kó tó la ẹnu.

Nígbà Iléyá, abọ́ á yí ọ̀nà padà. Ìlànà ni pé kí wọ́n pín ẹran ọdún sí mẹ́ta: ti onílé, ti ẹbí òun ọ̀rẹ́ òun aládùúgbò, ti aláìní. Ìpín kejì yẹn ni Ìyá Ṣadé ti ń jẹ. Tí ilẹ̀ bá mọ́, á yà lẹ́nu ọ̀nà Bàbá Ràṣídì: "Ẹ kú ìnáwó àná o."

Ṣé o mọ̀ pé "ẹ kú ààwẹ̀" lè kan ọ̀nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà? Ọdún òṣùpá fi nǹkan bí ọjọ́ 11 kéré sí ti oòrùn, ìdí nìyẹn tí ọdún Mùsùlùmí fi ń yí ká inú kàlẹ́ńdà. Ní 2025, ààwẹ̀ Ràmàdáánì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta, Ọjọ́rú Eérú sì bọ́ sí ọjọ́ 5, tí Lẹ́ńtì àti Ràmàdáánì fi jọ rìn fún ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tó o bá kí èrò inú ọkọ̀ lọ́sàn-án ní àkókò yẹn, ìjọ méjì ló ń dá ọ lóhùn.

Ní Vatican, láti 1967 ni wọ́n ti ń kọ lẹ́tà ìkíni sí àwọn Mùsùlùmí lágbàáyé níparí Ràmàdáánì. Ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́sìn mìíràn ló sábà máa ń fọwọ́ sí i. Ní 1991, lẹ́yìn ogun Gulf, Póòpù John Paul Kejì fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀. Póòpù Francis náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2013. Nígbà mìíràn, ẹni tó ń kíni ṣe pàtàkì ju ohun tó sọ lọ.

Ṣé o mọ̀ pé Kristẹni wà tí "ẹ kú Kérésì" ò bá lára mu? Àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà kì í ṣe é rárá. Ìjọ Deeper Life náà kì í ṣe é, ìpàgọ́ ni wọ́n ń lọ lásìkò yẹn. Láàárín àwọn Mùsùlùmí, Ibn al-Qayyim, ààfáà ayé àtijọ́, ní kí wọ́n má bá ẹlẹ́sìn mìíràn yọ ayọ̀ ọdún ẹ̀sìn rẹ̀. Yusuf al-Qaradawi ti ayé òde òní ní kò burú láti kí aládùúgbò tó ń báni gbé ní àlàáfíà. Èmi ò ní dá sí ìjà ààfáà. "Ẹ kú ìsinmi o" wà nílẹ̀, kò sì sí ẹni tí í bí nínú.

Àwọn oníṣẹ̀ṣe náà ti ní ọjọ́ tiwọn, ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ. Ní 2023, Sunday ló bọ́ sí, ìjọba Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun sì fún òṣìṣẹ́ ní ìsinmi ní Monday. "Àbọrú, àbọyè" ni ìkíni àwọn onífá, ó sì ti rìn jìnnà: ní Cuba, àwọn babaláwo ṣì ń wí pé "iború, iboya". Lọ́hùn-ún náà, ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá, ẹni tó wá kí Lásárù Mímọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì El Rincón nítòsí Havana àti ẹni tó wá kí Babalú Ayé, Ọbalúayé wa, jọ ń tò sórí ìlà kan náà ni. Ẹnì kan náà sì ni wọ́n nígbà mìíràn.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ ilé ẹlẹ́sìn méjì ló ń jèrè jù? Lọ́jọ́ Iléyá, á na ọwọ́ sí ẹbí ìyá rẹ̀: "Sàlà mi dà?" Tó bá di oṣù Kejìlá, á kọjú sí ẹbí bàbá rẹ̀: "Kérésì mi dà?" Ọlọ́dẹ àdúgbò ń béèrè méjèèjì lọ́wọ́ gbogbo èèyàn. Bí ìṣirò òṣùpá ṣe ń lọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni Ìtúnu Ààwẹ̀ máa wáyé ní 2033: ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní, àti ní nǹkan bí ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá, tí Kérésì á sì já lé e lórí. Kí àwọn bùọ̀dá àti àǹtí tó ń gbowó oṣù tètè lọ dá àjọ.