Láti Oko Kétu dé Ìkòkò Ọbẹ̀: Ọ̀nà Ọjà Kúkúrú àti Àgbẹ̀ Alábọ́dé

Àgbàdo Kétu lè bọ́ sọ́wọ́ alágbàtà tó ń wọ abúlé, kó ti ibẹ̀ dé ọwọ́ oníṣòwò ńlá, kó wọ ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnú, kí àwọn alárọ́bọ̀ ibẹ̀ tó wá wọ̀n ọ́n ní igbá kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́. Ó sì lè jẹ́ pé ìyàwó àgbẹ̀ ló rù ú lọ sọ́jà, tí ẹlẹ́kọ rà á lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀nà kejì yìí ni à ń pè ní ọ̀nà ọjà kúkúrú. Ní 2009, ìjọba Faransé là á sílẹ̀ pé ọjà kì í gba ọ̀nà kúkúrú mọ́ bí ẹni tó wà láàárín àgbẹ̀ àti ẹni tó ń jẹun bá ti ju ẹyọ kan lọ. Iye ọwọ́ ni wọ́n kà. Wọn ò ka iye kìlómítà.

Ẹkùn Plateau, ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Benin, ni Kétu wà. Ìgbà òjò méjì ni wọ́n ní lọ́dún, wọ́n sì ń gbin àgbàdo, gbágùúdá, ẹ̀pà, erèé, tòmátì àti ata. Kútọnú, níbi tí owó pọ̀ sí, jìnnà ju 100 kìlómítà lọ.

Oṣù keje sí ìkẹjọ ni àgbàdo àkọ́kọ́ ń gbó. Gbogbo oko ló ń kó o lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ìgbà yẹn gan-an ni owó rẹ̀ ń já wálẹ̀. Oṣù kẹsàn-án ni ilé ìwé ń wọlé, owó ọmọ kò sì ní í dúró de ọjà tó dára. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, alágbàtà ti yá àgbẹ̀ lówó láti ìgbà tí wọ́n ti ń roko, àgbàdo tó wà lórí ìdúró ti di tirẹ̀ ná. Àgbẹ̀ tó tà ní oṣù kẹjọ lè padà máa ra àgbàdo jẹ ní ìgbà ọ̀wọ́n, kí tuntun tó dé, ní iye tó ju èyí tó tà á lọ dáadáa.

Ẹ̀bi gbogbo rẹ̀ kọ́ ni ti alágbàtà. Òun ló ń yáni lówó níbi tí báńkì kì í dé, òun ló ń wá ọkọ̀, tó ń ṣa èyí tó dára sọ́tọ̀, òun náà ló sì ń jẹ gbèsè bí ẹrù bá bàjẹ́ lọ́nà. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, iṣẹ́ wọ̀nyí kò bá a lọ. Ẹnì kan ní láti ṣe wọ́n, ìyàwó àgbẹ̀ ló sì sábà máa ń kó wọn rù, mọ́ ti oko àti ti ilé. Ohun tí ọ̀pọ̀ ìwé tó ń yin ọ̀nà kúkúrú kì í sọ nìyí, bẹ́ẹ̀ ó ṣe pàtàkì ju iye tí wọ́n ní èrè fi lé lọ. Èrè tó gba odindi ọjọ́ lọ́wọ́ obìnrin kì í ṣe èrè ọ̀fẹ́.

Irúgbìn kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Tòmátì kò lè dúró rárá. Inú apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń tò ó sí, wọ́n á kó apẹ̀rẹ̀ lé ara wọn nínú ọkọ̀. Ti ìsàlẹ̀ á fọ́, omi rẹ̀ á sì máa ba ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́. Kò sí ẹrù tí ọ̀nà kúkúrú yẹ tó o. Àmọ́ ọjà ìlú kan kì í pẹ́ kún: bí ti gbogbo abúlé bá pọ́n lọ́sẹ̀ kan náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló tà, èyí tó dé lọ́sàn-án á gba iye tí wọ́n bá dá lé e.

Gbágùúdá ní ọ̀nà tirẹ̀. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tí wọ́n bá hú u, ó ti ń bàjẹ́, ṣùgbọ́n gàrí ń pẹ́ ní oṣù púpọ̀. Àwọn obìnrin á bó o, wọ́n á rin ín, wọ́n á dì í sápò kí omi rẹ̀ lè ro kúrò, kó sì kan, wọ́n á kù ú, kí wọ́n tó yan án. Kìlò 4 sí 5 ló ń di gàrí kìlò 1, nítorí náà ẹrù tí wọ́n ń gbé lọ sọ́jà dín kù gan-an. Ẹni tó yan án sílé lè dúró de owó tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, alágbàtà kò sì lè fi ìbàjẹ́ dẹ́rù bà á.

Ọjà Nàìjíríà, tó sún mọ́ Kétu jù nínú àwọn ọjà ńlá, ni ó ṣòro láti dé. Àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní 1889 la ilẹ̀ ọba Kétu sí méjì: Kétu fúnra rẹ̀ bọ́ sọ́dọ̀ Faransé, Ìmẹ̀kọ, tó wà ní Nàìjíríà lónìí, bọ́ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ará kan náà ló wà níhìn-ín lọ́hùn-ún, wọ́n sì ń ná ọjà ara wọn gba Ìlárá, ní ẹnu ibodè, títí di òní. Ní oṣù kẹjọ 2019, Nàìjíríà ti ibodè rẹ̀, kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i padà títí di oṣù kejìlá 2020. Lẹ́yìn náà, ní 2023, náírà já wálẹ̀ gidigidi, owó sẹ́fà tí Benin ń ná kò sì já, nítorí ó so mọ́ yúrò. Ẹrù tí wọ́n bá tà ní náírà wá ń mú sẹ́fà díẹ̀ wálé.

Àwọn kan ti gbìyànjú láti tún ètò ọjà náà ṣe. Ní Faransé, láti 2001, àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní AMAP wà: àwọn ìdílé á san owó sílẹ̀, àgbẹ̀ á máa fún wọn ní apẹ̀rẹ̀ ẹ̀fọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Irú rẹ̀ ti dé apá gúúsù Benin. Owó ìṣáájú yẹn gba ipò ẹ̀yáwó alágbàtà, àǹfààní tó tóbi jù níbẹ̀ sì nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìlú ńlá ni àwọn tó lè san án ń gbé, àgbẹ̀ tó wà lẹ́bàá wọn ló sì ń jèrè rẹ̀ ju ará Kétu lọ.

Èyí tó bá Kétu mu jù ni oúnjẹ ilé ìwé. Ilé ìwé wà ní abúlé, ọmọ ń jẹun níbẹ̀, àgbàdo àti erèé tí wọ́n nílò sì wà lóko tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Òfin Brazil ti 2009 pàṣẹ pé ó kéré tán, 30 nínú 100 owó oúnjẹ ilé ìwé tí ìjọba àpapọ̀ ń fi ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ lọ sọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ìdílé. Benin náà bẹ̀rẹ̀ ètò oúnjẹ ilé ìwé tirẹ̀ ní 2017 pẹ̀lú àjọ oúnjẹ àgbáyé, PAM. Kí irú ètò bẹ́ẹ̀ tó lè ra ọjà lọ́wọ́ àgbẹ̀ kékeré, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù gbọ́dọ̀ wà tí yóò kó ẹrù jọ, tí yóò sì gbẹ ẹ́ dáadáa. Ní ti ìpamọ́, àpò PICS onípele mẹ́ta wà tí kì í jẹ́ kí kòkòrò jẹ erèé, láìfi oògùn sí i. Èyí tó kù ni ọjọ́ ìsanwó. Àgbẹ̀ tí ìjọba kò tíì san owó rẹ̀ títí di oṣù kejìlá ti gba owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ alágbàtà láti oṣù kẹsàn-án.