Kíkà Sókè fún Ọmọ tí ó Ń Tijú Orúkọ Rẹ̀

Nínú The Name Jar, ìwé àwòrán tí Yangsook Choi ṣe jáde ní ọdún 2001, Unhei ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Kòríà dé Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ inú bọ́ọ̀sì ilé-ìwé fi orúkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí ó dé kíláàsì, ó ní òun kò tíì yan èyí tí òun yóò máa jẹ́.

Ìtàn náà bá ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston mu, ṣùgbọ́n ìwé nìkan kò lè mú kí ọmọ gba ara rẹ̀ bí ó ti rí. Bí òbí bá sáré kà á tán, ìtàn ẹlòmíràn ni ọmọ gbọ́. Ibi ìdáhùn Unhei yìí gan-an ni ó yẹ kí òbí ti dánu dúró, kí ó béèrè ohun tí ọmọ rí lójú Unhei nínú àwòrán, kí ó sì fi sùúrù dúró de èsì. Lẹ́yìn èyí ni kí ó pe orúkọ ọmọ tirẹ̀. Ayọ̀délé tí olùkọ́ ń pè láìbìkítà fún ohùn nílò láti gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀ lórí “yọ̀” àti ohùn òkè lórí “délé”, kí ó lè mọ̀ pé ayọ̀ ni ó dé ilé. Pé a kàn ń wí fún un pé orúkọ rẹ̀ dára kò tó nǹkan.

Ìyá àgbà Unhei fún un ní òǹtẹ̀ igi tí a gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sí. Oríkì lè ṣe irú iṣẹ́ náà nílé Yorùbá. Ìyá àgbà tí ó wà ní Ìbàdàn lè kì í lórí fóònù kí a tó ṣí ojú ìwé tí ó kàn.