Tòmátì tí a fi koríko bo ìdí rẹ̀ ṣì ń mu omi

 Láti oṣù kọkànlá títí dé oṣù kẹta, òjò kì í sábà rọ̀ lọ́dọ̀ wa ní Pobẹ̀ àti Sakété. Ẹni tó bá gbin tòmátì lẹ́ẹ̀rùn, omi ni yóò máa pọn. Orí ni ọ̀pọ̀ wa fi ń rù ú. Kò yẹ kí irú omi bẹ́ẹ̀ ṣòfò.

Omi tí a bá bu sí ebè, ọ̀nà méjì ló ń gbà lọ. Tòmátì ń mu apá kan. Oòrùn ń fa apá kejì láti inú ilẹ̀. Koríko gbígbẹ, ewé àgbàdo tàbí imọ̀ ọ̀pẹ tí a bá tẹ́ sórí ilẹ̀ ń dí oòrùn lọ́wọ́. FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, kọ ọ́ sínú ìwé ní 1998 pé, bí koríko bá bo gbogbo ilẹ̀, omi tí oòrùn ń fà á dín kù tó ìdajì.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o! Koríko kò dín òùngbẹ tòmátì kù. Nígbà tí tòmátì ṣì kéré, ilẹ̀ ṣófo, oòrùn ló ń gba omi jù. Ìgbà yẹn ni koríko wúlò jù. Bí tòmátì bá ti dàgbà, tí ewé rẹ̀ ṣíji bo ilẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń mu omi náà. Nígbà tó bá ń so, ebè tó fẹ̀ ní mítà 1, tó gùn ní mítà 10, lè gba nǹkan bí lítà 50 lójúmọ́. Ẹ má tìtorí koríko dín in sí ìdajì. Bí a bá bomi rin ín lónìí, tí a gbàgbé rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ìdí èso á dúdú, á sì rà. Ta ni yóò rà á lọ́jà?

Báyìí ni kí ẹ ṣe:

1. Ẹ bu omi sí ilẹ̀ dáadáa kí ẹ tó tẹ́ koríko.
2. Kí koríko nípọn tó ìbú ìka mẹ́rin. Ẹ má lo èyí tó ti so èso.
3. Ẹ má jẹ́ kó kan igi tòmátì, kí igi náà má bàa rà.
4. Ẹ bomi sí ìdí rẹ̀ láàárọ̀ tàbí nírọ̀lẹ́. Ẹ má bu ú sórí ewé.
5. Ẹ máa ṣí koríko wò, kí ẹ ti ìka bọ ilẹ̀. Bí ilẹ̀ bá tutù nísàlẹ̀, ẹ dúró dọ̀la. Bí ó bá gbẹ, ẹ bomi rin ín. Ẹ wò ó bóyá ikán wà níbẹ̀.

Ẹ jíròrò: Nígbà wo ni koríko ń bá wa ṣọ́ omi jù? Kí ló fà á?