Àwọn Oyin Sylvia Plath

Ìbéèrè tí àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní lítíréṣọ̀ máa ń kọ́kọ́ bi mí nípa Sylvia Plath kò ju ọ̀kan lọ: báwo ló ṣe kú? Mo máa ń dá wọn lóhùn ní ṣókí. Akéwì ọmọ Amẹ́ríkà ni. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ti ń bá a fínra tipẹ́. Ó sì gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 1963, lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń darí ọ̀rọ̀ sí ohun tó fi sórí tábìlì rẹ̀: fáìlì dúdú kan tó kó ewì 40 sí, tó ti tò wọ́n bó ṣe fẹ́ kí wọ́n tẹ̀lé ara wọn.

Iṣẹ́ ìdájí ni púpọ̀ nínú wọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1962, ọkọ rẹ̀, Ted Hughes, akéwì bíi tirẹ̀, ti tẹ̀lé obìnrin mìíràn. Ó ku Plath àti ọmọ kéékèèké méjì, Frieda àti Nicholas, nílé wọn ní North Tawton, ní Devon. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin, bí oògùn oorun bá ti dá lójú rẹ̀, á dìde, á jókòó ti iṣẹ́ títí àwọn ọmọ á fi jí. Ewì tó kọ lóṣù yẹn nìkan tó 25. Ẹ̀yìn bébà aláwọ̀ píǹkì láti Smith College, níbi tó ti kàwé tó sì ti ṣe olùkọ́ rí, ló kọ ọ̀pọ̀ wọn sí. Ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ náà wà ní Smith lónìí, pẹ̀lú gbogbo ibi tó ti fagi lé ọ̀rọ̀ tó sì tún un kọ.

Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi í dùn bí wọ́n bá ní ó kàn ń tú ọkàn rẹ̀ jáde ni. Ewì ìjẹ́wọ́ ni wọ́n ń pe irú èyí tí òun àti Anne Sexton kọ: ìbínú sí bàbá, àìsàn ọpọlọ, ìnira abiyamọ, láìfi nǹkan kan bò. Ó gba ìgboyà. Ṣùgbọ́n ìgboyà nìkan kì í kọ ewì.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ oyin. Bàbá rẹ̀, Otto Plath, tó wá láti Jámánì, jẹ́ onímọ̀ nípa oyin ní Yunifásítì Boston. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Sylvia nígbà tí bàbá yìí kú ní 1940. Ní 1962, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í sin oyin ní Devon, ó sì kọ ewì márùn-ún lórí wọn láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan. Èyí tó kẹ́yìn, Wintering, dá lórí ìgbà òtútù. Ẹni tó ń sin oyin mọ̀ pé kí òtútù tó mú, àwọn abo á ti lé àwọn akọ síta. Abo nìkan ni yóò ṣù mọ́ra kí ara wọn lè gbóná, omi ṣúgà ni wọ́n ó sì máa mu dípò oyin tí olùsìn wọn ti kó. Obìnrin tí ọkọ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ ló kọ èyí, òun ló sì fi kádìí ìwé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Ariel, orúkọ tí wọ́n fi tẹ ìwé náà jáde ní 1965, kò parí síbẹ̀. Plath àti Hughes kò tíì kọ ara wọn sílẹ̀ nígbà tó kú, nítorí náà ọwọ́ Hughes ni iṣẹ́ rẹ̀ bọ́ sí. Ó yọ àwọn ewì kan, ó fi àwọn mìíràn rọ́pò, títí kan àwọn tí Plath kọ ní àwọn ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn ayé rẹ̀, ó sì kó díẹ̀ nínú àwọn ti ìkẹyìn yìí sí ìparí. Ìwé tí Plath ní kó parí sí ìyè wá parí sẹ́nu ikú. N kò pe ọkùnrin náà níkà. Àwọn ewì ìkẹyìn yẹn lágbára púpọ̀, Hughes ló sì ṣètò àkójọpọ̀ ewì Plath tó gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 1982. Ṣùgbọ́n ó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun dáná sun ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ Plath tó kẹ́yìn, kí àwọn ọmọ má baà kà á. Ìyẹn ń dùn mí títí di òní.

Ní ọdún 2000, wọ́n fẹ́ lẹ àmì ìrántí mọ́ ilé kan fún un ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn kan ní ilé tó kú sí ló yẹ. Frieda kọ̀, ilé tó wà ní Chalcot Square ló fara mọ́, níbi tí wọ́n ti bí òun fúnra rẹ̀, tí ìyá rẹ̀ sì ń gbé nígbà tó kọ ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀, The Bell Jar. Ní 2004, Ariel tún jáde, bí Plath ṣe tò ó gan-an. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa: èyí tí Frieda kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí ni kó mú.