Bí Àtúnṣe Ètò Àkóso Ṣe Ń Fọ́ Kámẹ́rà Kọ̀ǹpútà Lójú

Ohun tí ó wà lẹ́yìn Ẹ̀fà, ó ju Èje lọ. Láti Àkókà títí dé Yábàá, kíkọ kóòdù fún kọ̀ǹpútà ti di iṣẹ́ òòjọ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́. Ìyọnu kan wà tí ó máa ń bá wọn lójijì: kámẹ́rà tí ó ya àwòrán akẹ́kọ̀ọ́ lánàá kò ríran mọ́ lónìí. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan kóòdù. Ètò àkóso kọ̀ǹpútà, irú bíi Windows, ni ó gba àtúnṣe lóru.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2016. Microsoft fẹ́ kí ètò méjì lè máa lo kámẹ́rà kan lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú àtúnṣe Windows 10 tí ó gbé jáde, ó fi alárinà kan, Frame Server, sáàárín kámẹ́rà àti ètò. Ṣùgbọ́n nígbà náà, alárinà yìí kì í jẹ́ kí àwòrán tí kámẹ́rà ti dì ní ọ̀nà MJPEG tàbí H.264 kọjá, irú tí a kò dì, bíi YUY2 àti NV12, ni ó ń gbé fún ètò. Ètò tí kò gbọ́ ju MJPEG lọ sì di afọ́jú.

Ní ọdún 2018, macOS Mojave tún gbé tirẹ̀ dé: ètò gbọ́dọ̀ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni kọ̀ǹpútà. Èyí tí a bá kọ fún un láìsọ ìdí rẹ̀ nínú Info.plist, ojú ẹsẹ̀ ni yóò kú.

Nítorí náà, ilé ni kí a wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Èkínní, kí a fi ètò tí ó bá kọ̀ǹpútà wá ṣí kámẹ́rà. Bí ó bá ríran níbẹ̀, kámẹ́rà kò bàjẹ́. Èkejì, kí a wo ibi tí a ti ń fún ètò láyè. Ẹ̀kẹta, kí a wò bóyá ètò mìíràn ti gbà á. Ẹ̀kẹrin, bí ó bá jẹ́ OpenCV ni a ń lò lórí Windows, kí a dán CAP_MSMF àti CAP_DSHOW wò láti mọ ọ̀nà tí ó dí. OpenCV kì í sábà pariwo bí kámẹ́rà bá kọ̀. Nítorí náà, kí kóòdù máa bi isOpened() léèrè.

Àwọn kan ní kí a má gba àtúnṣe mọ́ rárá. Ìmọ̀ràn yìí léwu, nítorí àtúnṣe ni ó ń dí ihò tí olè ń gbà wọlé, ojú ọmọ ọlọ́mọ sì ni kámẹ́rà wa ń rí. Kí a kọ́kọ́ dán an wò lórí kọ̀ǹpútà kan kí ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ tó dé. Kí aṣọ́bodè dúró sí ipò rẹ̀. Ètò wa ni kí a kọ́ láti tọrọ ọ̀nà.