BÍ KỌ̀ǸPÚTÀ ṢE Ń SO Ọ̀RỌ̀ PỌ̀

Ẹ ti mọ̀ ọ́n kà, ẹ sì ti mọ̀ ọ́n kọ. Lónìí, a ó wo bí a ṣe ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Èdè tí a ó lò ni Python. Guido van Rossum, ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì, ni ó ṣe é. Ọdún 1991 ni ó kọ́kọ́ gbé e jáde.

Ohun tí a bá fi sí àárín àmì àyọlò, ọ̀rọ̀ ni kọ̀ǹpútà kà á sí. 5 jẹ́ oǹkà. Ṣùgbọ́n "5", ọ̀rọ̀ ni.

Àmì méjì ni a ó kọ́.

Èkíní ni +. Bí ó bá wà láàárín oǹkà, yóò rò wọ́n pọ̀: 5 + 5 di 10. Bí ó bá wà láàárín ọ̀rọ̀, ńṣe ni yóò so wọ́n mọ́ra: "ọjọ́" + "bọ̀" di "ọjọ́bọ̀".

Èkejì ni *. 5 * 2 di 10. "kíá" * 2 di "kíákíá".

Bí méjèèjì bá pàdé ńkọ́? * ni àgbà. Òun ni kọ̀ǹpútà ń kọ́kọ́ ṣe:

"Wá " + "kíá" * 2
Èsì: Wá kíákíá

Bí ẹ bá fẹ́ kí + ṣáájú, ẹ fi àkámọ́ há a mọ́:

("Wá " + "kíá ") * 2
Èsì: Wá kíá Wá kíá

Ẹ má fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí o. Nígbà kan, mo fẹ́ ro owó èsúsú ẹni méjì pọ̀: náírà 200 àti náírà 300. Mo fi àṣẹ input gba iye owó kọ̀ọ̀kan. Èsì tí mo rí ni 200300! Ta ni yóò san án? Ẹ̀bi mi ni. Ohun tí a bá fi input gbà, ọ̀rọ̀ ni. A ní láti kọ́kọ́ fi int sọ ọ́ di oǹkà:

int("200") + int("300")
Èsì: 500

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ dáhùn ìwọ̀nyí sínú ìwé yín kí ẹ tó tẹ̀ wọ́n:

1. "Rìn " + "jẹ́" * 2
2. ("Rìn " + "jẹ́ ") * 2
3. "20" + "5"