Bí Ọ̀rọ̀ Ti Ń Dé Ọ̀dọ̀ Ẹni Tí A Rán An Sí

Ẹ̀yin ará, kí ìwé tó dé ilẹ̀ wa, àrokò ni àwọn baba wa fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn. Bí ọkàn ẹnìkan bá fà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, yóò so owó ẹyọ mẹ́fà mọ́ okùn, yóò sì fi ránṣẹ́, nítorí pé fífà wà nínú orúkọ mẹ́fà. Bí ọ̀rẹ́ náà bá gbà, òun a dá mẹ́jọ padà, èyíinì ni pé ọ̀rọ̀ wọn jọ.

Ẹ kíyèsí ìrìn ọ̀rọ̀ náà. Èrò wà ní ọkàn ẹni kìíní. Ó sọ ọ́ di àmì. Ìránṣẹ́ gbé àmì la ọ̀nà kọjá. Ẹni kejì sì tún sọ àmì di èrò. Ní ọdún 1948, ará Amẹ́ríkà kan, Claude Shannon, ṣe àlàyé irú ìrìn yìí nípa tẹlifóònù àti wáyà. Ohunkóhun tí ó bá ba àmì jẹ́ lójú ọ̀nà, ariwo ni ó pè é, ìbáà má tilẹ̀ dún. Bí ẹyọ kan bá já bọ́ nínú mẹ́fà, ariwo ni, bí ó ti wù kí ìránṣẹ́ náà jẹ́ olóòótọ́ tó. Àti pé lójú àlejò tí kò gbọ́ Yorùbá, ẹyọ mẹ́fà kò ju owó lásán lọ.

Nínú ìjọ wa ni ọ̀ràn yìí gbé kàn mí jù. Ohùn ni ó ya ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n a túmọ̀ orin, a sì fi í sí ohùn orin Òyìnbó, tí ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ wa ń sọ̀kalẹ̀. Ẹni tí ó mú ìwé lọ́wọ́ kò fura, nítorí ojú rẹ̀ ń tún ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ ṣe. Ìyá àgbà kan tí kò mọ̀wé ti kọ orin nípa ọkọ̀ ìgbàlà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí n tó béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ti Ọkọ ìyàwó tí ń bọ̀ ni. Èrò rere ni, ó sì wà nínú Ìwé Mímọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni a rán sí i. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, tí a gba orin rẹ̀ sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1922, ti fi ohùn ilẹ̀ wa kọ orin Ìgbàgbọ́. Ìbá ṣe pé a tẹ̀lé e kánkán!

Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ìyá yìí. Àwa ni a rán ẹyọ mẹ́fà, tí a kò sì dúró gba mẹ́jọ. Nísinsìnyí, kí a tó kọ orin titun, àwọn tí kò mọ̀wé ni mo kọ́kọ́ ń bi ní ohun tí wọ́n gbọ́.